Áàpù Tó Ń Jẹ Bátìrì Lábẹ́lẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Dá A Mọ̀, Kí Ẹ sì Mú Un Sùn Láìpàdánù Álẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá sùn nígbà tí fóònù rẹ̀ wà ní 80%, tí kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tó wá jí bá a ní 55%, kò tíì yẹ kó máa wá bátìrì tuntun kiri. Nǹkan kan wà nínú fóònù yẹn tí kò sùn. Nǹkan náà lórúkọ, fóònù fúnra rẹ̀ sì ti kọ orúkọ ọ̀hún sílẹ̀ síbi téèyàn lè kà á.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ bátìrì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ iná ni yóò já sí. Kò burú. Ilé tó bá wà lórí Band A, wákàtí 20 ni wọ́n ṣèlérí fún un lójúmọ́. Èyí tó bá wà lórí Band E, wákàtí 4 péré. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé Under G mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń gbé ṣájà kiri kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo ń tún fóònù ṣe ní Tákíè, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá pé bátìrì ti kú ni bátìrì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Áàpù ló ń fà á gbẹ.

Android ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: Tecno, Infinix, itel, Samsung, Redmi. iPhone ní ìpín tirẹ̀ nísàlẹ̀. Bí orúkọ ṣe wà lójú fóònù ni mo ṣe kọ ọ́, kí ẹ lè rí i bí ẹ bá ń wá a. Bí tiyín bá yàtọ̀ díẹ̀, àpótí kan wà lókè Settings tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ń wá sí. Ẹ kọ "battery" tàbí "auto-start" síbẹ̀, yóò gbé yín débẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú fóònù bá ti kú

Pé ẹ jáde nínú áàpù kan kò ní kó dákẹ́. WhatsApp ṣì ń retí ọ̀rọ̀. Áàpù ìròyìn ń lọ gbé ìròyìn tuntun wá. Google Photos ń kó fọ́tò ìnáwó tí ẹ yà ní Sátidé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù ọjà kan ń wo ibi tí ẹ wà, géèmù tí ọmọ gbé sórí fóònù sì ń wa ìpolówó jọ. Gbogbo èyí ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe títóbi iṣẹ́ náà ló ń pa bátìrì jù, iye ìgbà tó ń jí fóònù ni. Nígbà tí fóònù bá ń sùn, ọpọlọ inú rẹ̀ dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ náà kì í lo iná púpọ̀. Tí áàpù kan bá wá jí i láti béèrè bóyá nǹkan tuntun wà, gbogbo wọn á dìde. Tí wọ́n bá sì parí, ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í padà sùn lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bóyá nǹkan mìíràn ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí áàpù tó ń gba kílóbáìtì díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fi lè jẹ bátìrì ju èyí tó gba fáìlì ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì gbé ẹnu dákẹ́.

Àwọn tó ṣe Android ti rí èyí tipẹ́. Ní 2015, wọ́n fi Doze sínú Android 6. Tí fóònù kò bá sí lórí ṣájà, tí ojú rẹ̀ kú, tó sì wà lójú kan fún ìgbà díẹ̀, Doze á dá íntánẹ́ẹ̀tì dúró fún àwọn áàpù, á wá máa fún wọn láyè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn jọ ṣe tiwọn pọ̀, àlàfo tó wà láàárín á sì máa gùn sí i bí òru ṣe ń jinlẹ̀. Ní 2016, Android 7 mú irú rẹ̀ kan wá fún fóònù tó wà nínú àpò tí èèyàn ń rìn kiri. Ní 2018, Android 9 gbé Adaptive Battery dé, tó ń wo áàpù tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ àti èyí tí ẹ kì í ṣí, tó sì ń fún kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Nítorí náà, fóònù tí kì í ṣe ti àtijọ́ ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni àwọn áàpù tí àwa fúnra wa ti yọ̀ǹda fún. Ẹ ó rántí pé bí áàpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àpótí kan máa ń yọ tó ń béèrè bóyá kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Ta ló ń kà á? A ó tẹ Allow, a ó kọjá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo èyí tó ń jẹ ẹ́

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Lálẹ́, ẹ yọ ṣájà, ẹ wo iye bátìrì, ẹ fi dátà sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fi í sílẹ̀, kí ẹ lọ sùn. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ tún un wò. Lójú tèmi, bí fóònù tí kò sẹ́ni tó lò ó bá sọ ju 10% nù lóru kan, nǹkan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Battery, ẹ wá Battery usage. Ẹ ó rí àwọn áàpù tí wọ́n tò láti orí èyí tó jẹ púpọ̀ jù. Bí ẹ ṣe máa ka ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, nọ́ńbà tó wà níwájú áàpù jẹ́ ìpín rẹ̀ nínú ohun tí gbogbo wọn jẹ, kì í ṣe ìpín nínú odindi bátìrì. Bí ẹ bá rí 30% níwájú YouTube, kò túmọ̀ sí pé ó gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá bátìrì yín mì.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ tẹ orúkọ áàpù náà. Àkókò méjì ni ẹ ó rí, èyí tó lò lójú yín àti èyí tó lò lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n kọ Background sí. Bí Facebook bá lo wákàtí méjì lójú yín, tó wá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ bátìrì yẹn, kì í ṣe òun. Ẹ fi í sílẹ̀. Áàpù tí ẹ kò ṣí rárá lánàá, tó wá lo wákàtí mẹ́rin lábẹ́lẹ̀, òun là ń wá.

Ọmọkùnrin kan láti Under G gbé Infinix kan wá bá mi, ó ní kí n pààrọ̀ bátìrì. Nígbà tí a ṣí Battery usage, áàpù tọ́ọ̀ṣì ló wà lókè. Fóònù ọ̀hún ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Kò tiẹ̀ rántí ìgbà tó gbé èkejì wọlé. Nígbà tí mo wo àṣẹ tó gbà, ó gba ti ìpolówó, ó tún gba àṣẹ láti máa mọ ibi tó wà nígbàkúùgbà. Kí ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ibi téèyàn wà ṣe? A yọ ọ́ dànù, ó sì kó owó bátìrì rẹ̀ padà sápò.

Ẹ tún wò ó bóyá Mobile network tàbí orúkọ tó jọ ọ́ wà lókè níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti áàpù, ti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo sì máa dé orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pinnu èyí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa jí

Ibí ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé kí ẹ pa gbogbo rẹ̀. Áàpù kan wà tó jẹ́ pé bó bá sùn, ẹ ó pàdánù owó tàbí ìpè pàtàkì. Áàpù ilé ìfowópamọ́ tí ẹ fi ń gba álẹ́ẹ̀tì, áàpù POS, WhatsApp bó bá jẹ́ orí rẹ̀ ni kọ́sítọ́mà ti ń wá yín, áàpù tó ń rán yín létí oògùn: ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn kan wà láàárín, bí Facebook, Instagram, TikTok, X àti ímeèlì tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Kò sóhun tó máa bàjẹ́ bí ìfitónilétí wọn bá pẹ́ ní wákàtí kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí Android fúnra rẹ̀ máa wọ̀n wọ́n.

Géèmù, áàpù ọjà, áàpù ẹ̀yáwó, áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe, èyí tí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan láti gba fọ́ọ̀mù, kò sí ìdí kankan tí wọ́n fi ní láti jí lóru. Èyí tí ẹ kò bá lò mọ́ rárá nínú wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kò sí sẹ́tíńgì tó dára ju pé kí áàpù má sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú wọn sùn

Lórí ọ̀pọ̀ Android, ọ̀nà náà rèé. Ẹ tẹ áàpù náà mọ́lẹ̀ lójú fóònù títí àkọlé kékeré kan á fi yọ, ẹ tẹ App info tàbí àmì "i" tó wà níbẹ̀. Ẹ wá Battery tàbí App battery usage. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó bá níbẹ̀:

- Unrestricted: kó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ti áàpù owó nìyí.
- Optimised: kí Android máa wọ̀n ọ́n. Ibí ni ọ̀pọ̀ áàpù yẹ kó wà.
- Restricted: kó má ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìfitónilétí rẹ̀ lè pẹ́, tàbí kó má wọlé títí ẹ ó fi ṣí i.

Nínú App info kan náà, lórí Android tuntun, ẹ ó rí Pause app activity if unused nísàlẹ̀. Ẹ tàn án. Bí oṣù bíi mélòó kan bá kọjá tí ẹ kò ṣí áàpù náà, fóònù á gba àwọn àṣẹ tí ẹ fún un padà, á sì dá a dúró.

Samsung ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì dára gan-an. Ẹ lọ sí Battery nínú Settings, ẹ tẹ Background usage limits. Sleeping apps ni àwọn tó ń jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Deep sleeping apps kì í jí àfi bí ẹ bá ṣí wọn. Ìlà kẹta ni ti àwọn tí kò gbọdọ̀ sùn láéláé; ẹ fi áàpù owó yín síbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí Samsung máa ń fúnra rẹ̀ mú áàpù tí ẹ kò lò fún ọjọ́ mélòó kan sùn.

Lórí Tecno, Infinix àti itel, ẹ wá Auto-start, ó sábà máa ń wà nínú Phone Master. Áàpù tí ẹ bá pa níbẹ̀ kò ní lè dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá géèmù méjì mẹ́ta níbẹ̀ tí wọ́n ń bá fóònù jí láràárọ̀. Redmi náà ní Autostart nínú App info áàpù kọ̀ọ̀kan, ó sì ní Battery saver tirẹ̀ níbẹ̀, tí No restrictions jẹ́ ti áàpù owó.

Nígbà tí álẹ́ẹ̀tì kò bá wọlé mọ́

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí òun ló ń fa ìjà jù. Ìyá kan tó ń ṣe POS nítòsí Ọjà Jagun gbé fóònù rẹ̀ dé.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Álẹ́ẹ̀tì kì í wọlé mọ́ àfi bí mo bá ṣí áàpù. Kọ́sítọ́mà á dúró tì mí, á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, n ò ní rí nǹkan kan."

"Ìyá, ta ló fọwọ́ kan fóònù yìí, mà?"

"Àbúrò rẹ tó wà ní LAUTECH ni. Ó ní òun fẹ́ kí bátìrì pẹ́."

Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n gbogbo áàpù ló fi sí Restricted, ti owó pẹ̀lú wọn. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, bí a ṣe ń tò ó rèé. Àkọ́kọ́, nínú App info áàpù owó náà, ẹ sọ Battery di Unrestricted. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ wo Notifications níbẹ̀ kan náà bóyá ó wà ní títàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí fóònù bá ní Auto-start, ẹ tàn án fún un. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń lo Data Saver, ẹ wọ Mobile data nínú App info náà, ẹ tan Unrestricted data usage fún un, torí Data Saver máa ń dí dátà mọ́ áàpù tó wà lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣí ojú ibi tí àwọn áàpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ti tò jọ. Lórí ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti Redmi, ẹ lè ti áàpù náà ní kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń gbá áàpù nù má bàa gbá a lọ.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ pa ojú fóònù, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí, kí ẹnì kan fi ₦100 ránṣẹ́ sí yín. Bó bá dún láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, ó ti tán nìyẹn.

Ohun kan tó yẹ kí àwọn oní-POS mọ̀: álẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé gẹ́gẹ́ bí SMS kì í gba inú áàpù kọjá, nítorí náà mímú áàpù sùn kò kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pa ti SMS nítorí owó tí wọ́n ń yọ, tí wọ́n wá gbé gbogbo rẹ̀ lé áàpù. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, áàpù yẹn gbọ́dọ̀ máa jí. Àti pé, bí álẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ dún, ẹ ṣí áàpù wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú kò nílò bátìrì.

Ẹ yé gbá áàpù dànù

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí. Àwọn kan wà tí kò lè gbé fóònù sápò láìkọ́kọ́ gbá gbogbo áàpù tó ṣí sókè. Wọ́n rò pé wọ́n ń tọ́jú bátìrì ni. Ṣe ló dà bí obìnrin tó ń pa iná àdògán ní gbogbo ìgbà tó bá yọjú síta, tó sì ń tún un dá bó bá ti wọlé: epo tó ń fi dá a ju èyí tí ì bá jó lọ. Áàpù tó wà nínú ìrántí fóònù, tí kò ṣe nǹkan kan, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ bátìrì. Bí ẹ bá gbá a dànù tí ẹ tún ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù á tún gbogbo rẹ̀ gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Ní 2016, ẹnì kan kọ̀wé sí Apple láti béèrè bóyá gbígbá áàpù dànù ń ṣe bátìrì láǹfààní. Craig Federighi, ọ̀gá tó ń bójú tó iOS, ètò tó ń darí iPhone, dá a lóhùn pé rárá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Hiroshi Lockheimer tó ń bójú tó Android nígbà náà ní Google sọ ohun tó jọ ọ́: pé ó tilẹ̀ lè mú kó burú sí i díẹ̀.

Force stop, tó wà nínú App info, yàtọ̀. Òun dára fún áàpù tó ti ya wèrè, tó ń mú fóònù gbóná láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n áàpù tí ẹ bá fi Force stop sí kò ní fi nǹkan kan tó yín létí mọ́ títí ẹ ó fi ṣí i padà.

Àwọn áàpù tó ń pe ara wọn ní afọ̀fóònùmọ́ àti amúbátìrìpẹ́, tó ń dún pé ẹ ti fi 1.2GB pamọ́, ẹ̀yin ẹ wo ìwé Battery usage yín bóyá ẹ kò ní bá àwọn gan-an níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn ohun mìíràn tó ń jí fóònù

Location. Ẹ wọ Settings, Location, ẹ tẹ App permissions tàbí App location permissions. Ẹ ó rí àwọn tó wà lábẹ́ Allowed all the time. Láti Android 10 ni ẹ ti lè sọ fún áàpù pé ìgbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan ni kó mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ gbé gbogbo wọn sí Allow only while using the app, àyàfi èyí tí ẹ fi ń wá fóònù bó bá sọnù tàbí èyí tí ẹ fi ń mọ ibi tí ọmọ wà.

WhatsApp. Ẹ wọ Settings rẹ̀, Storage and data, kí ẹ pa Media auto-download ti mobile data. Ẹni tó bá wà nínú gúrúùpù ẹbí, ti àwọn ọmọ kíláàsì àti ti ìjọ mọ iye fídíò ẹ kú àárọ̀ tó ń wọlé kí oòrùn tó yọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń jí fóònù, tó ń jẹ dátà, tó ń kún ibi ìpamọ́. Èyí tí ẹ bá fẹ́ wò, ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún wo Chat backup, kó má lo mobile data.

Play Store àti Google Photos. Ẹ fi àtúnṣe áàpù sí Over Wi-Fi only, tàbí kí ẹ máa ṣe é fúnra yín lọ́jọ́ tí iná bá wà. Backup fọ́tò náà bẹ́ẹ̀.

Dark mode, èyí tó ń sọ ojú fóònù di dúdú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bi mí: ó ń ran ojú OLED tàbí AMOLED lọ́wọ́, torí dúdú níbẹ̀ kì í tan iná. Ojú LCD tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní.

Nígbà tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni

Ẹni tó bá gba ọ̀nà oko lọ sí Ìkòyí-Ilé, tàbí tó wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, lè rí i pé bátìrì ń já bọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù wà nínú àpò. Bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe jìnnà tó ni fóònù ṣe ń pariwo tó kí òpó lè gbọ́ ọ. Níbi tí kò ti sí i rárá, kò ní dáwọ́ wíwá dúró. Bí áàpù mẹ́wàá bá tún ń jí nínú irú ipò yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ ju bó ṣe ń jẹ nílé lọ, torí á máa gbìyànjú láìrí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí lẹ máa ṣe? Bí síìmù méjì bá wà nínú fóònù, tí ọ̀kan kò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, ẹ pa á nínú SIM settings títí ẹ ó fi dé. Bí ẹ kò bá retí ìpè rárá, ẹ tẹ Airplane mode. Bó bá sì jẹ́ ìpè nìkan lẹ ń retí, ẹ pa dátà. Ìpè àti SMS á ṣì máa wọlé, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ á sì dákẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ síbí, pípa dátà lóru ni mo rí pé ó yára fi ìyàtọ̀ hàn jù, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹni tó ń lo iPhone

Iṣẹ́ yín kò pọ̀. Settings, General, Background App Refresh. Ó ti wà níbẹ̀ láti iOS 7 ní 2013. Ẹ lè fi gbogbo rẹ̀ sí Wi-Fi nìkan, tàbí kí ẹ pa á fún áàpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bẹ̀rù: bí ẹ bá pa á, ìfitónilétí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa wọlé. Low Power Mode náà ń pa á fúngbà díẹ̀, á sì pa ara rẹ̀ bí ṣáájì bá ti dé 80%. Nínú Battery, ẹ tẹ áàpù kọ̀ọ̀kan láti rí àkókò tó lò lábẹ́lẹ̀, bíi ti Android.

Battery Saver

Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa tan fúnra rẹ̀ ní 20% tàbí 30%. Ó ń dí púpọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lọ́nà, location pẹ̀lú, nítorí náà oní-POS tó bá tàn án látàárọ̀ kó má yà á lẹ́nu bí álẹ́ẹ̀tì bá ń pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ áàpù owó di Unrestricted, kí ẹ sì fi ₦100 dán an wò nígbà tí Battery Saver wà ní títàn.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá yanjú rẹ̀

Ẹ tún ìdánwò òru ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì, torí Adaptive Battery nílò àkókò láti tún mọ ìwà yín. Bí ìyàtọ̀ kò bá sí, ẹ fi fóònù sùn lálẹ́ ọjọ́ kan nínú Safe mode, níbi tí àwọn áàpù tí ẹ gbé wọlé kì í ti í ṣiṣẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná títí Power off á fi yọ, kí ẹ tẹ Power off náà mọ́lẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé áàpù owó náà kò ní ṣiṣẹ́ lóru yẹn. Bó bá dúró dáadáa nínú Safe mode, áàpù kan ni. Ẹ máa yọ èyí tí ẹ gbé wọlé gbẹ̀yìn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣì ń já bọ́, àfàìmọ̀ ni bátìrì kò ti gbó.

Bátìrì a máa gbó lóòótọ́. Apple sọ pé àwọn ṣe bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kó lè ní 80% agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 500 tó bá ti kún tó sì tán, ó sì jẹ́ 1,000 láti orí iPhone 15. Ooru ló ń yára sọ ọ́ di arúgbó jù. Fóònù tó bá wà lórí tábìlì POS nínú oòrùn ọ̀sán, kódà lábẹ́ agbòòrùn, ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi nǹkan bò ó, ẹ má sì máa ṣáájì rẹ̀ níbẹ̀.

Bó bá lọ láti 30% sí pípa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pààrọ̀ bátìrì. Bí ẹ̀yìn fóònù bá ń gbé sókè, bátìrì ti wú nìyẹn: ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ṣájà, ẹ pa á, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ohunkóhun gún un, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe lọ́jọ́ náà.